Ìwé Àkọsílẹ̀ Àgbẹ̀ Olóko Kòkó

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ sọ

  

Èmi kò wá láti kọ́ yín bí a ti ń gbin kòkó, nítorí púpọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá, èyíinì ni ìwé tí àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa oko ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìwé, ẹlòmíràn a máa rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí tàbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo ń wí kò tóbi ju èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbé lọ́wọ́ lọ.

Ilẹ̀ wa yìí wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tìkára rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ń ṣe dáadáa níhìn-ín, ṣùgbọ́n kòkó kì í fi ojú rere wo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ tètè ń dá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ní kòkó ni oko yín kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wà ní ọ̀nà jíjìn, ní ilẹ̀ Ifẹ̀, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Oǹdó, lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ní ọwọ́ ẹni tí ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀ lè máa fi ojú ṣọ́ ọ. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí i, kí ni yóò fi ṣọ́ ọ bí kò ṣe àkọsílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba ilẹ̀ kòkó ní igbó kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn onílẹ̀ náà ṣì wà láàyè, a sì ti parí ìjà. Ní ọdọọdún, nígbà tí ó bá ta kòkó rẹ̀ tán, a gbé báàgì ìṣákọ́lẹ̀ kan lọ fún bàbá onílẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ ìtìjú lójú wọn láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá onílẹ̀ a gba kòkó, a fi obì lélẹ̀, wọn a sì jọ jẹun. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n ní ó di ọdún mẹ́fà tí a ti san ìṣákọ́lẹ̀ mọ. Wọ́n ní kí a san gbogbo rẹ̀ tàbí kí a jáde kúrò ní oko. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi búra pé òun san án. Àwọn náà búra pé kò san án. Nínú àwọn méjì tí ó máa ń bá a lọ, ọ̀kan ti kú, èkejì sì ti lọ sí Abidjan, a kò mọ àdúgbò tí ó ń gbé.

Nígbà náà ni mo rántí pé nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń lo ìsinmi mi ní oko lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń ní kí n kọ iye kòkó tí a tà sínú ìwé kan. Kì í ṣe pé ó ka ìwé sí nǹkan bàbàrà. Ó kàn fẹ́ràn kí a máa ka orúkọ rẹ̀ sí i létí ni. A wá ìwé náà títí, a sì rí i ní ìsàlẹ̀ àpótí ìyálé rẹ̀, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ọdún mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí ìsinmi mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀. Mo ti kọ iye báàgì tí a tà, ọjọ́ tí a gbé ti onílẹ̀ lọ, orúkọ ẹni tí ó rù ú àti ti ẹni tí ó jókòó níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á sí etí àwọn àgbààgbà, àkọ́bí onílẹ̀ gbọ́ orúkọ àbúrò ara rẹ̀ pé òun ni ó wá ru báàgì náà ní ọdún kejì. Ó yí ojú sí i, ó bi í léèrè. Àbúrò náà tẹ orí ba, ó ní òun ni.

Wọ́n fi ọdún mẹ́ta wọ̀nyí sílẹ̀ fún wa. Ọdún mẹ́ta tí n kò sí níbẹ̀, a san án lẹ́ẹ̀kejì. Owó tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi pamọ́ láti fi kọ́ ilé sí Èjìgbò ni a fi san án, ìpìlẹ̀ ni ilé náà sì wà títí ó fi kú.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Èyí dára fún ìtàn ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó, olúkúlùkù ni ó ní àrọ́bá tirẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ sì ga jù ni a máa ń gbọ́. Mo ti rí i pé kì í ṣe olè nìkan ni ó ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe olè. Wọn kò sí níbẹ̀ ni, ẹni tí ó sì wà níbẹ̀ ti gbàgbé.

Kí ni kí a wá kọ? Ẹ jẹ́ kí ojú ewé kìn-ín-ní jẹ́ ti ilẹ̀: ọdún tí a gbà á, ẹni tí ó fún wa, ohun tí a san, àwọn tí ó jẹ́rìí, àti ààlà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má ṣe kọ pé ààlà dé ibi ìrókò kí ẹ sì dákẹ́. Ìrókò a máa wó, àwọn agégi a sì máa gé e tà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó bá yín pààlà, ẹ kọ iye ìṣísẹ̀ láti odò tàbí láti ojú ọ̀nà, ẹ sì kọ ibi tí a ri pèrègún mọ́. Bí ẹ bá ti san ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan, ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kí onílẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sì fi ọwọ́ sí i. Bí ojú bá ń tì yín láti béèrè, ẹ ní ẹgbẹ́ ni ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí onílẹ̀ rere tí yóò bínú sí èyí, nítorí ìwé náà ń jẹ́rìí fún òun pẹ̀lú pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àlejò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka igi kòkó yín. Bí a bá gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹsẹ̀ bàtà 10, bí igi 435 ni ó ń wọ éékà kan. Ẹni tí ó bá ka éékà kan tí ó sì bá igi 300, àlàfo 135 ni ó ń ro ní ọdọọdún láìjẹ èrè rẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí a gbin apá kọ̀ọ̀kan àti ibi tí irúgbìn ti wá. Bí ẹ bá gba irú tuntun tí ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ tú sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní TC 1 títí dé TC 8, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pòórá sí àárín ti àtijọ́ láìní àkọsílẹ̀, nítorí bí ó bá so dáadáa, ẹ̀yin yóò fẹ́ mọ èyí tí ẹ ó tún béèrè fún.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìkórè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń jò dànù. Kòkó tútù kílò 100, bí a bá bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6 tí a sì sá a gbẹ dáadáa, yóò di bí kílò 36 sí 40. Báàgì 16 ni ó ń jẹ́ tóònù kan, nítorí náà kílò 62 àti ààbọ̀ ni kòkó inú báàgì kan. Bí ẹni tí ń tọ́jú oko yín bá kó kòkó tútù kílò 500, kí ẹ máa retí bí báàgì gbígbẹ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá mú méjì wá, ó lè jẹ́ pé òjò ni ó bà á jẹ́, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kì í ṣe pé kí ẹ pè é ní olè. Ẹ kàn ṣí ìwé, kí ẹ jọ wò ó. Ẹni tí ó ń ṣe òtítọ́ yóò dúpẹ́ pé ìwé wà, nítorí ní oko ọ̀nà jíjìn, olótìítọ́ a máa jìyà ìfura ju olè lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ nípa òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra kòkó. Bí òṣùwọ̀n bá jí kílò 3 péré nínú báàgì kan, nínú báàgì 16 ó ti jí kílò 48, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin báàgì kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wá òkúta kan, ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi tí ọkàn yín balẹ̀ sí, ẹ fi ọ̀dà kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, ẹ sì gbé e sí ibi tí ẹ ti ń ta kòkó. Kí a tó gbé báàgì kìn-ín-ní lé òṣùwọ̀n, kí a kọ́kọ́ gbé òkúta náà lé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n, iye owó fún kílò kan, àti orúkọ ẹni tí ó rà á.

Ní ìgbà àwọn bàbá wa, Bọ́ọ̀dù tí ń ta kòkó ni ó ń fi iye owó lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. A dá a sílẹ̀ ní 1947, a sì pa á rẹ́ ní 1986. Láti ìgbà náà wá, olúkúlùkù ni ó ń bá olùrà dúnàá-dúrà, iye òní kì í sì í ṣe iye ọ̀la. Ní 2024 kòkó wọ́n ní ọjà àgbáyé ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ, ó kọjá dọ́là 10,000 fún tóònù kan. Nígbà tí ó di 2025, ó tún ń wálẹ̀. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ ní 2024 rò pé oko òun ṣe dáadáa. Owó ni ó ṣe dáadáa. Bí ó bá ní ìwé tí ó fi báàgì 2023 àti ti 2024 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ì bá ti rí i bóyá igi rẹ̀ ń rẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ owó tí a ń gbà sílẹ̀ lórí kòkó tí kò tíì pọ́n ni ó burú jù. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ọwọ́ bá há, alágbàtà a yá àgbẹ̀ ní owó. Ní oṣù kẹwàá, ìwé alágbàtà nìkan ni ó mọ iye tí ó jẹ́. Bí ẹ̀yin kò bá ní ìwé tiyín, ohun tí tirẹ̀ bá wí ni abẹ gé.

Ẹ kọ oògùn pẹ̀lú. Nígbà òjò, ẹni tí ń fín oògùn sí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú máa ń fín in ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ rẹ̀ yóò fín in ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, yóò sì ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn bí ó ti wà lára ìgò. Gàmálíìnì tí a fi ń pa kòkòrò tẹ́lẹ̀ ti wọ inú àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé kọ̀ sílẹ̀ láti 2009, àwọn tí ń ra kòkó ní òkè òkun sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fẹ́ bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ̀rọ̀ báyìí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà ní 1935. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gbẹ̀dun, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ìjọba, ní 1937. Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára èésú àti àjọ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́? Ìwé ni: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, iye tí ó fi sílẹ̀, iye kòkó tí ó mú wá, àti ẹni òde tí yóò wá yẹ ìwé náà wò. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ìṣírò rẹ̀ wà ní orí akọ̀wé kan ṣoṣo, ọjọ́ tí akọ̀wé náà bá kú ni ẹgbẹ́ náà kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tirẹ̀, kí ohun tí a kọ sí ìwé ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ọjọ́ kan náà, ní ojú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí a má ṣe tú ìpàdé ká títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni mo ń gbé kalẹ̀. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, ẹni tí ó ṣe olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó Ìbàdàn, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Báǹkì Alájẹṣẹ́kù, kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ó tó kú ní 1963. Kò fi gbèsè rẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀, kò sì fi ìjà ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ pamọ́. Àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Ṣáájú rẹ̀, Jacob Kẹ́hìndé Coker ní Agége, tí ó wà nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907, fi lẹ́tà àti ìwé oko rẹ̀ pamọ́. Ilé ìkó-ìwé-ìjọba-pamọ́ sí ní Ìbàdàn ni wọ́n wà. Láti inú wọn ni àwọn òpìtàn ti rí i bí àwọn alágbàṣe tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Agége ti ran kòkó lọ́wọ́ láti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn alágbàṣe wọ̀nyẹn kò kọ nǹkan kan, bí orúkọ púpọ̀ nínú wọn sì ti sọnù nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ó gbin ín.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò gbàgbé oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n jáde. Àwọn oníṣòwò Yorùbá fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ra ọjà wọn láwìn. Ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí, òfin 1998 wí pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko. Àlejò lè háyà rẹ̀ ni. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ọmọ yín níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ìwé ìháyà wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ó kan oko yín jù. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ ṣe òfin kan pé àwọn kò ní ra kòkó tí ó bá ti ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra kòkó ti ń múra sílẹ̀. Wọn yóò fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé; oko tí ó bá sì ju hẹ́kítà 4 lọ, kí a yí ààlà rẹ̀ ká. Wọn yóò fi fóònù rìn ín, wọn yóò sì kọ orúkọ àgbẹ̀ sí i. Orúkọ ta ni? Bí ẹ̀yin bá wà ní Èjìgbò ní ọjọ́ tí wọ́n dé, orúkọ ẹni tí wọ́n bá ní oko ni wọ́n lè kọ. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá, ọmọ ẹni náà yóò mú ìwé jáde, ọmọ tiyín yóò sì mú àrọ́bá jáde. Aṣọ kò ní í bá Ọmọ́yẹ mọ́ nígbà náà. Nítorí náà ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí ń tọ́jú oko yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, pé bí ẹnikẹ́ni bá wá wọn oko, kí ó pè yín kí ó tó dá wọn lóhùn.

Ìwé méjì ni kí ẹ ní, kí ọ̀kan wà ní oko, kí èkejì wà ní Èjìgbò, kí a sì máa fi wọ́n wé ara wọn nígbàkúùgbà tí ẹ bá lọ. Ẹ fi wọ́n sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí a gbé e kúrò ní ilẹ̀ nítorí ikán, kí ìyàwó tàbí ọmọ kan sì mọ ibi tí ó wà.

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ wá, pẹ̀lú ojú ewé ilẹ̀ tí a ti kọ tán. Bí ojú ẹnikẹ́ni kò bá ríran kọ̀wé mọ́, kí ó mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wá. A ó fún ọmọ náà ní àga ní iwájú.